Ọmọrí Àmù Ìyá Safouratou

Ọmọrí àmù tún dún.

"Ta ló ń bu omi?" Ìyá Safouratou béèrè láti ẹ̀yìnkùlé. Kò gbójú sókè. Ó ń ká amọ̀ lé amọ̀, ó ń mọ ìkòkò mìíràn.

Ara Mouibatou, ìyàwó ọmọ ẹ̀ tó ń bu omi, bù máṣọ.

Amọ̀ lásán kì í dún, ẹ̀yin náà ẹ sọ. Ta ló ń ṣófófó fún ìyá yìí? Ìyá tí òun ń fi ọmọ tì lójoojúmọ́ lọ sọ́jà! Rédíò Rẹfolúsíọ̀n, rédíò ìjọba, kò sì dákẹ́: ẹ tú àwọn àjẹ́ fó!

Ó lọ fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ àdúgbò.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn kàmáráàdì ìjọba ti ya wọ àdúgbò Akron. Wọ́n fa ìyá dìde. Ìyá na ọwọ́ méjèèjì sí Mouibatou tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ń gégùn-ún fún mi!" Mouibatou figbe ta.

Wọ́n wọ́ ọ lọ.

Mouibatou fi ọmọrí náà lalẹ̀. Ó fọ́, hóró amọ̀ wẹ́wẹ́ yí jáde láti inú ẹ̀.

Sikiratou, àbúrò ọkọ ẹ̀, bú sẹ́kún.

"Ìyàwó, Ìyá ló há wọn sáàárín amọ̀ kí ọmọrí lè máa dún. Ó ní bí ọmọ rẹ bá ṣí àmù, òun á gbọ́, òun á tètè mú un kó tó kó sómi."

"Kí ló dé tí kò kàn máa wò ó?"

"Ojú Ìyá ti fọ́ láti ìgbà òjò. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ, kí o má baà gba ọmọ lọ́wọ́ òun."

Mouibatou wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyá kò gégùn-ún. Ẹnu ọ̀nà ló ń fọwọ́ wá.