Ohùn Akínlàjà

Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrè oko dúró ní abúlé Ìdí-Ẹmì, kò sí awakọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, ohùn Akínlàjà sì jáde, ó dùn bí oyin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóko wa. Ẹ gbé ẹrù yín wá."

Nígbà tí Akínlàjà fúnra rẹ̀ ṣì ń wa ọkọ̀ náà, ó bẹ Ìbídùn pé kó fẹ́ òun. Ìfẹ́ rẹ̀ ti kún ọkàn Ìbídùn, ṣùgbọ́n omidan gidi kì í tètè jẹ́ hẹn. Ó ní, "Máa lọ ná, mà á rò ó." Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ra ohùn àwọn awakọ̀ sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì lé wọn lọ.

Lónìí, Ìbídùn gbé gàrí sórí òṣùwọ̀n ẹnu ọkọ̀ náà. "Akínlàjà, mà á fẹ́ ọ," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ ṣeun. Gàrí yín ti wọlé."

Ìyá Rónkẹ́, tó ru iṣu dúró lẹ́yìn rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé irin lo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni, ọmọ yìí? Yà fún mi jàre!"

Ìbídùn yà. Ó ti pín gàrí rẹ̀ sí àpò kéékèèké láti ilé. Ó gbé òmíràn, ó tún lọ tò sẹ́yìn, torí ọkọ̀ náà kì í bá ẹni tí kò lẹ́rù sọ̀rọ̀.