Òórùn Tó Ń Bá Wolé-wolé Wọlé

Ìdọ̀tí a máa rí Ọlábọ̀dé lára débi pé bó bá bọ èèyàn lọ́wọ́ tán, á wá omi fi ṣanwọ́. Iṣẹ́ tí ìjọba wá fún un ṣe kẹ̀? Kó máa wá ìdọ̀tí kiri. Wolé-wolé ni, láti Yábàá títí dé Múṣin. Bó bá ti wọ kakí rẹ̀, tó so agolo Izal, oògùn apakòkòrò, mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, àwọn olóúnjẹ á ti máa ta ara wọn lólobó pé ó ti dé o. Ohun tójú rẹ̀ ń rí kì í ṣe kékeré: ìdin nínú ẹran, aáyán nínú agbada epo, ọmọ tó ń yàgbẹ́ lẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀. Á tutọ́, á pòṣé. "Ẹ̀yin èèyàn yìí mà dọ̀tí o!" Síbẹ̀, kò fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá wọn ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, òun ló sì kàn láti jọ̀gá.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ náà ń ta ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja nínú búkà kan ní Jíbówú, nítòsí ibi táwọn èrò ti ń wọkọ̀ lọ sílùú òkè. Lọ́jọ́ tí Ọlábọ̀dé yà débẹ̀, ó ṣí ìkòkò, ó fajú ro.

"Ẹja yìí ti bàjẹ́."

"Àna mi, òwúrọ̀ yìí ni mo rà á," ni ìyá àgbà wí. "Ó ṣì ń jà nínú abọ́ nígbà tí mo sanwó."

Ọlábọ̀dé ṣí agolo rẹ̀. Ó da Izal sínú ọbẹ̀ náà lójú gbogbo oníbàárà, ó sì ti búkà pa. Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, ló lọ bá ìyá rẹ̀ da ọbẹ̀ nù, tó fọ ìkòkò. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Gbádé, ẹ ṣàánú. Kò síṣẹ́ míì lọ́wọ́ Màámi."

"Iṣẹ́ niṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì jẹ́ wolé-wolé, búkà yẹn ò ní ṣí."

Àṣàbí dìde. Aránṣọ ni, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oorun dá lójú Ọlábọ̀dé. Bó bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, òórùn ibi iṣẹ́ á dé, ẹja jíjẹrà àti Izal tó dàpọ̀ mọ́ra wọn. Bó bá dìde jókòó, òórùn náà á rọlẹ̀. Èébì á gbé e, á sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ó pe Àṣàbí láti yàrá kejì, níbi tóun àti ọmọ ń sùn sí.

"Ṣé o ò gbóòórùn nǹkan?"

Àṣàbí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú. "Rárá o. Òórùn kí ni?"

"Izal."

"Izal kẹ̀? Ọ́fíìsì lẹ ń fi agolo yín sí. Dẹ́tọ́ọ̀lù la ní nílé yìí."

Òótọ́ ló sọ. Ọlábọ̀dé fi Dẹ́tọ́ọ̀lù wẹ̀ títí ara rẹ̀ fi ń bó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà sí ìta. Àṣàbí fúnra rẹ̀ fọ aṣọ ibùsùn, ó sá a sóòrùn. Ọlábọ̀dé wá gbé ẹní àti ìrọ̀rí, ó lọ sùn ní pálọ̀; òórùn náà bá a débẹ̀. Ẹran inú abọ́ ara rẹ̀ wá ń kó o nírìíra.

"Iṣẹ́ ló ti wọ̀ ẹ́ lórí," ni Jethro wí, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe wolé-wolé. "Tó o bá ti bọ́ kakí, máa gbàgbé ẹ̀. Mo ti ń ṣe é tipẹ́, mo sì ń sùn bí ọmọ jòjòló."

Nígbà ọdún Àjíǹde, Ọlábọ̀dé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó nà gbalaja sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, ó fapá rọrí, ó sì hanrun títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò gbóòórùn kankan. Ó dá a lójú wàyí pé iṣẹ́ ni. Alẹ́ tó padà sí Èkó, òórùn ti ń dúró dè é.

Ó ń tòògbé lórí kẹ̀kẹ́, díẹ̀ ló sì kù kí lọ́rì tẹ̀ ẹ́ pa ní Ojúẹlẹ́gba. Nígbà tí Àṣàbí gbọ́, ẹ̀rù bà á lóòótọ́, ó sunkún.

"Bàbá Gbádé, mi ò ní jókòó máa wò yín kẹ́ ẹ kú. Ẹ fiṣẹ́ yìí sílẹ̀."

"Ipò ọ̀gá tó kàn mí ńkọ́?"

"Ṣé òkú ló ń jọ̀gá ni?"

Inú bí Ọlábọ̀dé, ó bínú sí gbogbo Èkó pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lókun mọ́, ó gbà láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Jethro ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tó máa ń jẹ ìrẹsì ìyá Àṣàbí dáadáa tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ dá kakí ìjọba padà, Ọlábọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Bóyá màá tiẹ̀ sùn lálẹ́ òní."

"Ẹ máa sùn," ni Àṣàbí wí. "Ó dá mi lójú."

Nígbà tí kò gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, Àṣàbí ti ilẹ̀kùn yàrá, ó fi gèlè di imú, ó mú abẹ, ó tú ojú rírán ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ sáàárín òwú láti yọ orí ẹja ìyá rẹ̀ jáde.