Písà Méjì, Ààwẹ̀ Kan

Yíwọlá ti ilẹ̀kùn yàrá Stella ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí i.

Páálí písà méjì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé oúnjẹ kan náà ló ni méjèèjì. Ọ̀kan wá láti ẹ̀ka Festac, èkejì láti ẹ̀ka Àmúwò.

"Tọ́ wọn wò, kó o dájọ́," Stella wí.

Ti Àmúwò rọ̀, ṣíìsì rẹ̀ ń fà. Ti Festac le bíi bisikíìtì.

"Orúkọ kan náà! Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n." Yíwọlá tún mú ti Àmúwò.

"Ìwọ tó ń gbààwẹ̀! Ọlọ́run ń wò ẹ́ o, Sister Yíwọlá."

"Dákẹ́ jọ̀ọ́. Aago mẹ́fà la máa ṣínu nílé. Màá bá wọn jẹun, ta ló máa mọ̀?"

Fóònù rẹ̀ dún. Mọ́mì ni.

"Mọ́mì, ẹ káàsán mà."

"Ọmọ mi, ṣé ebi ò pa ẹ́ jù?"

"Rárá mà. Mò ń fara dà á."

"O ṣeun. Ọlọ́run á gbọ́ àdúrà tẹ́ ẹ̀ ń gbà lórí mi." Mọ́mì wúkọ́. "Nọ́ọ̀sì ọsibítù yìí ń bínú sí mi. Ó ní mi ò gbọdọ̀ lo oògùn láìjẹun. Mo ní ọmọ mi ń febi para ẹ̀ nítorí mi, ìgbà tó bá ṣínu ni mo máa jẹun."

Yíwọlá dá písà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú páálí.

"Mọ́mì, ẹ jẹun báyìí. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti jẹun."



"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Mọ́mì wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kí lo fi ṣínu, ọmọ mi?"