Abẹ́rẹ́, Ṣọ́ọ̀kì àti Omi

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún aránṣọ kan ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí aṣọ oníbàárà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fa àkísà búlúù ya, ó fi wé ìka náà, ó sì ta á ní kókó tó le dan-in.

"Ìyá Arúgbó, o ṣeun," ni ìyá rẹ̀ wí. Ẹnu ọmọ náà tó gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ló fi jẹ́ ìnagijẹ yẹn. "Jókòó jẹ́ẹ́, kí n sáré lọ ra òwú."

Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi já wọlé láti ẹ̀yìn, tó sáré ti ilẹ̀kùn iwájú pa.

"Iwin kan ti gbé àwọ̀ mi wọ̀! Ó ń bọ̀ wá pa ẹ́ jẹ. Mú agolo abẹ́rẹ́, mú ṣọ́ọ̀kì, mú ike omi tí mo fi ń lọ aṣọ. Gùn mí lẹ́yìn, kíá!"

Ìdí ọmọ náà ò tíì balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnìkan fi ń gbá ilẹ̀kùn iwájú.

"Ìyá Arúgbó, ta ló ti ilẹ̀kùn?"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni, kò yàtọ̀ rárá. Wọ́n gba ẹ̀yìn sá bọ́ sí títì, ohun yẹn sì gbá tẹ̀ lé wọn.

"Ju abẹ́rẹ́!"

Ó jù ú. Ẹ̀gún hù bo títì. Ohun náà forí la inú ẹ̀gún kọjá, aṣọ rẹ̀ fàya, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

"Màámi, báwo ló ṣe mọ orúkọ tí ẹ ń pè mí?"

"Ó ti ń dẹtí sí wa lójú wíńdò. Ju ṣọ́ọ̀kì!"

Ṣọ́ọ̀kì di òkè funfun tó ń yọ̀. Ohun náà ń gùn ún, ó ń já bọ́, ó tún ń gùn ún, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ọmọ náà kórìíra ẹkún yẹn.

"Ẹlẹ́tàn! Omijé irọ́!"

Kò dúró kí wọ́n sọ fún un kó tó da omi náà sẹ́yìn. Odò ńlá là sáàárín wọn.

"A ti bọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì gbá a lọ́wọ́ méjèèjì mú ṣinṣin. Ọmọ náà wo àwọn ìka náà, ó ń wá àkísà tó so, bóyá ó ti já bọ́ lójú ọ̀nà.

Lódìkejì odò, ohun náà na ọwọ́ sókè, ó ń pè é, àkísà búlúù sì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.