Bàbá tí Jùwọ́nlọ Fi Ra Àtẹ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé àwọn olùsọ̀rọ̀ ìwúrí lórí fóònù, ẹ fara balẹ̀, ẹ ka èyí dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá dúró lágbede méjì, ẹ ó bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ yín.

1.

Jùwọ́nlọ ń ta ọṣẹ àti mílíìkì ní ọjà Singer, ní Kano. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìtàn àwọn tó jìyà kí wọ́n tó di ẹni ńlá ló ń gbọ́ láàárọ̀ bó bá ń ṣí ìsọ̀, òun náà ló ń gbọ́ bó bá ń jẹun. Mi ò ní parọ́ mọ́ àwọn ìtàn yẹn, wọ́n ṣe é lóore. Wọ́n jẹ́ kó jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó padà sí iléèwé. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Sabon Gari ní kó wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà. Ó ní ìyá òun kú nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́, pé bàbá òun, Bàbá Olújìmí, tó jẹ́ ọlọ́dẹ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bompai, kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó ní bàbá máa ń pọn òun lọ síbi iṣẹ́, á tẹ́ òun sórí àpò nínú yàrá kékeré ẹnu géètì. Àwọn èèyàn kàn mi orí. Ẹni tó sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e ní inú gọ́tà lòun ń sùn tẹ́lẹ̀, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́kún. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ruth, ọmọbìnrin tó ṣètò ìpàdé náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bùrọ̀dá Jùwọ́n, your story dey okay, àmọ́ pain ò sí nínú ẹ̀. Your papa too good."

Jùwọ́nlọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé.

2.

Nígbà tí Ruth tún pè é fún ìpàdé Àjíǹde, ó ti tún ìtàn rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀mùtí ni bàbá mi," ó wí. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tó fi lé mi síta. Abẹ́ ìsọ̀ ní Singer ni mò ń sùn."

Bàbá tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ń ro wọ́n. Ruth gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pe Jùwọ́nlọ láti Kàdúná àti Jos.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rò pé bàbá òun kì í lo fóònù ńlá, pé kò ní gbọ́. Ó gbàgbé pé gbogbo Sabon Gari ló ń lò ó.

3.

Pásítọ̀ pe bàbá àtọmọ, nítorí ọwọ́ Bàbá Olújìmí ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yín sọ?"

Jùwọ́nlọ wolẹ̀. Kàdúná ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí bàbá bá sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó máa pe òun sórí pèpéle mọ́. Bàbá wò ó títí.

"Òótọ́ ni, sà," ni bàbá wí. "Mo máa ń mu ún nígbà yẹn."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì.

Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ ní Enugu Road, ojú ń ti Jùwọ́nlọ.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà?"

"Ṣé kí n sọ pé irọ́ lo pa, kí wọ́n wá máa nàka sí ọ? Èmi ti dàgbà, Jùwọ́n, ìwọ lo ṣì ń lọ. Àmọ́ má sọ ọ́ mọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́ mọ́, sà."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní Kàdúná, ó tún fi kún un pé bẹ́líìtì ni bàbá òun fi ń na òun.

4.

Fídíò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́ bàbá. "Baba, ka yi haƙuri," ni ọ̀gá wí, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó fara dà á, àmọ́ òun ò lè fi ọ̀mùtí ṣọ́ ẹrù. Bí wọ́n ṣe gba géètì lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìyá tó máa ń fi ọmọ tì í bí wọ́n bá ń lọ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wọn wọlé bó bá ń kọjá. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó sínú yàrá rẹ̀, oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́, àìsàn sì wọlé dé. Jos ni Jùwọ́nlọ wà, lórí pèpéle, nígbà tí bàbá rẹ̀ dákẹ́.

Níbi ìsìnkú, ó dìde, ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ geere.

"Irọ́ ni mo pa. Bàbá mi ò mutí rí. Kò lé mi rí. Òun nìkan ló tọ́ mi dàgbà. Nítorí mi ló ṣe gbà pé òótọ́ ni."

Ìyá àgbà kan wá mi orí, ó nu ojú. "Ẹ wo ọmọ gidi," ó ní. "Ó ti dárí jì í, ó wá ń bo àṣírí òkú."

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ mi, òótọ́ ni mò ń sọ."

Àtẹ́wọ́ tún le sí i. Ruth wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Kí wọ́n tó bo ilẹ̀ tán, ìpè ti wọlé láti Kàdúná. Wọ́n ní kí Jùwọ́nlọ jọ̀wọ́ wá kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń dárí ji bàbá burúkú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa gbọ́ ìtàn àwọn tó la ìyà já, ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n, kò burú. Àmọ́ bí ìyà ò bá pọ̀ nínú tiyín, ẹ wádìí ẹni tó jẹ ẹ́ nítorí yín, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má tà á. Títí di òní, Jùwọ́nlọ ń sọ òtítọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ọmọlúàbí ni wọ́n ń pè é, wọn ò gbà á gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó.