Iye Tó Tọ́ sí Mọ́tò Pupa

Sànní, àfẹ́sọ́nà mi, mú mi láti Ìgbògbò wá sí Ẹ̀pẹ́. Ó fẹ́ ra sípọ́ọ̀tì káà pupa kan tí kò tíì rìn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kìlómítà lọ.

Mo kúnlẹ̀ kí Màmá tó ń tà á. Mi ò lanu.

"Ọmọ mi ní kí n gba mílíọ̀nù méjìdínlógún."

"Háà, Màmá! Mọ́tò tó ti jókòó fún ọdún méjì? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á ti bàjẹ́. Ẹ gba mẹ́sàn-án."

Irọ́ ni. Lójú ọ̀nà ló sọ fún mi pé ogún tọ́ sí i.

"Olólùfẹ́, bá wọn sọ̀rọ̀ náà. Àbí o ti yadi ni?"

Mo mi orí.

Màmá mí kanlẹ̀. "Èmi ò kúkú mọ mọ́tò." Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ara mi ò gbà á mọ́.

"Màmá, ẹ má gbà á! Ogún mílíọ̀nù ló tọ́ sí i."

Ọwọ́ Màmá dúró lófuurufú.

Wọn ò rí mi rí; èmi ló mọ̀ wọ́n nínú fọ́tò. Orí fóònù la ti máa ń ṣeré, kí n tó já ọmọ wọn sílẹ̀ nígbà tí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa ku ọ̀la.

"Ohùn yìí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ìyàwó mi, ṣé ìwọ ni?"