Àgbá Tí Dọ́kítà Kíákíá Kò Ní Sùúrù Fún

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ní àárín, ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì pé.

1.

Obìnrin kan wà ní yàrá ìwádìí yunifásítì kan. Ìgò fífọ̀ ni wọ́n gbà á fún. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Àǹtí Ìgò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ọ̀kan nínú wọn kò ní sùúrù rárá: bó bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa wá bàtà. Òun ni wọ́n sọ ní Kíákíá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì fi wà nídìí omi kan. Ẹ fọ́n ọn sára aṣọ tàbí ìwé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá da omi lé e. Omi á yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀, á bọ́ sílẹ̀. Èròjà wínníwínní kan ló ń ṣe é. Ẹ la fọ́nrán irun kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ṣì tóbi ju ẹyọ èròjà yẹn lọ.

Ìṣòro àwọn èròjà náà ni pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn jù. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á so mọ́ra, wọ́n á di ìṣù, wọ́n á rì sísàlẹ̀. Nítorí náà, kí Àǹtí Ìgò tó rọ omi náà sínú ìgò, á gbé e sínú ẹ̀rọ kan tó ń kùn bí oyin, tí yóò máa mì í títí gbogbo wọn á fi tú ká. Òun ló mọ ìgbà tó tó. Òun ló kọ́ Kíákíá.

2.

Kíákíá di dọ́kítà. Yunifásítì fún un ní ìwé àṣẹ pé kó máa ṣe omi náà tà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ìwé ọ̀hún: bí omi náà bá kùnà níṣojú ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, àṣẹ ti pin nìyẹn, ẹlòmíì ni wọn á gbé e fún.

Ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó ra àgbá tó ga tó ènìyàn méjì, ó sì mú Àǹtí Ìgò lọ síbẹ̀. Bí Àǹtí kò bá tíì buwọ́ lù ú, ọjà kò gbọdọ̀ jáde.

Nígbà tí àgbá kún, Àǹtí ní, "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ máa fi mi èyí."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ọ̀túnla ni ìfilọ́lẹ̀! Ẹ fi igi pò ó, kí ẹ máa rọ ọ́."

"Dọ́kítà, igi ò lè tú wọn ká. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Kíákíá.

"Àǹtí Ìgò, yunifásítì wo lẹ lọ gan-an?"

"Èyí tí o lọ náà ni. Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún ọ."

"Ẹ buwọ́ lù ú!"

"Mi ò buwọ́ lù ú."

"Màá lé yín o!"

"Lé mi. Ọwọ́ tèmi ni, kò ní kọ irọ́."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jù ú sórí tábìlì, ó jáde. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Kíákíá fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú.

3.

Ẹ má rò pé kò dán an wò o. Ó dán an wò! Ẹnu àgbá wà nísàlẹ̀. Ìgò àkọ́kọ́ tó ti ibẹ̀ jáde ló fọ́n sára aṣọ, ó sì ṣiṣẹ́ bí idán.

"Ṣé ẹ rí i? Obìnrin yẹn kàn fẹ́ fi mí ṣeré ni!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, níbo ni gbogbo èròjà náà rì sí? Ìsàlẹ̀ kọ́? Ìgò díẹ̀ àkọ́kọ́ ló kó gbogbo rẹ̀ lọ. Omi lásán ló wọ inú ẹgbẹ̀rún ìgò tó kù.

4.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Ọ̀gá àgbà yunifásítì wá, ó sì pe Àǹtí Ìgò nítorí ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Àǹtí jókòó sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera. Kíákíá wọ aṣọ funfun báláú, ó mú ìgò àkọ́kọ́ tó dán wò lọ́wọ́.

"Ìwé àṣẹ gan-an ni mo máa tì bọ omi!" ló wí.

Oníṣòwò kan tó ń ta aṣọ àgọ́ dìde láàárín àwọn ẹlẹ́rìí. "Fi ìgò ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Yọ ọ̀kan nínú páálí."

"Èyí tó bá wù yín, sà!"

Àǹtí fò dìde. "Dọ́kítà, má ti ìwé yẹn bọ omi o!"

"Ẹ jókòó jàre, Àǹtí onígò."

Ó yọ ìgò kan nínú páálí, ó fọ́n ọn sára ìwé àṣẹ, ó fẹ́ ẹ gbẹ, ó tì í bọ inú garawa omi. Íǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Òǹtẹ̀ lọ, ìbuwọ́lù lọ. Nígbà tó gbé e sókè, ìwé rọ, ó já sí méjì.

"Ìgò kan ló bàjẹ́!" Ó ṣí òmíràn, ó fọ́n ọn sára aṣọ funfun, ó fẹ́ ẹ gbẹ, ó sì da garawa omi lé ara rẹ̀ lórí. Ó dúró bí adìyẹ tí òjò pa. Ó tún na ọwọ́ sí páálí.

"Ó tó," ni ọ̀gá àgbà wí. "A ò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ, o ti fi ọwọ́ ara rẹ fọ̀ ọ́ dànù."

5.

Oníṣòwò àgọ́ ló gba àṣẹ tuntun. Ó lọ bẹ Àǹtí Ìgò kó wá máa buwọ́ lu ọjà.

"Ọjọ́ mẹ́ta fún àgbá kan," ni Àǹtí wí. "Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì àbọ̀ lẹ ní, ẹ wá ẹlòmíì."

Ọjọ́ mẹ́ta náà ni wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ti Kíákíá ńkọ́? Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pa. Ẹni tí ó kọ́ ayé bí omi kò ṣe ní wọ aṣọ ni omi gbá dànù.

Mo kìlọ̀ fún yín o, ẹ̀yin tí ẹ gboyè tí ẹ ń kánjú: ẹni tí ẹ ń bi pé ilé-ìwé wo ló lọ, òun ló mọ ohun tó rì sísàlẹ̀ àgbá yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ìgò náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ buwọ́ lu irọ́, ẹ ká ọwọ́ yín kò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.